Ẹlẹ́gùn-ún Inú Ìkòkò

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló jáde nínú yàrá tí ọkọ mi fi mí sí ní Lagos Town, ní Accra, ọ̀nà náà sì gba àárín pálọ̀ Zuweira kọjá. Fèrèsé wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin ni wọ́n fi dí i; ológbò gan-an, àfi kó fi ikùn rẹ̀ sílẹ̀ níta kó tó lè gba ibẹ̀ wọlé. Tí mo bá fẹ́ lọ tọ̀, pálọ̀. Tí mo bá fẹ́ lọ pọn omi, pálọ̀. Tí mo bá fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ mi ní Kotobabi, níbi tí mo ti ń ta ẹja inú gíláàsì nínú kíósìkì onípákó kan, pálọ̀ náà ni. Ibẹ̀ sì ni Zuweira máa ń jókòó sí lórí àga gbọọrọ, ojú rẹ̀ kọ ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí tìmùtìmù.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni Zuweira. Mo ń pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba níbí torí pé orí ìwé kì í ṣe ilé bàbá rẹ̀. Nínú ilé náà, ta ló bí mi dáadáa tí màá pe orúkọ rẹ̀? Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá bá nílé. Ẹni tí wọ́n bá ti bí sínú ilé kí o tó wọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ ọmọ àná tó ń rákòrò, ọkọ rẹ ni, ìwọ ni kí o wá orúkọ mìíràn tí wàá máa pè é. "Ìyá Ilé" ni mò ń pe Zuweira.

Ohun kejì tó wà nínú pálọ̀ náà ni àpótí gíláàsì kan tó gùn ju pósí lọ, omi kún inú rẹ̀. Ọkọ Zuweira ló tò ó nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí Alhaji kú ní Tema, ẹrù aṣọ méjì àti àpótí ẹja yìí ni Zuweira kó padà wá sílé bàbá rẹ̀. Ẹja ńlá mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: méjì tí wọ́n ń pè ní ọ́síkà, tó dúdú bí èédú tí iná ò tíì kú lára rẹ̀, àti ẹ̀kẹta tí iwájú orí rẹ̀ wú bí ẹni tí wọ́n fi ọmọ odó lù. Ọ̀gágun ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ohunkóhun tó bá bọ́ sínú omi, Ọ̀gágun ni yóò kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó wá ṣe.

Ọdún kẹfà rèé tí ẹja náà ti wọ ilé. Èmi, ọdún kẹrin. Ẹ ṣírò ó. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n da omi tútù sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Zuweira na ọwọ́ sí àpótí náà, ó ní, "Ìyàwó, o bá àwọn wọ̀nyí náà nílé. Ọkọ rẹ ni wọ́n o." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé kò ṣàwàdà. Láti ọjọ́ náà, ẹja ló ń kọ́kọ́ jẹun àárọ̀, lẹ́yìn náà èmi.

Bí mo ṣe di ẹni tó mọ ẹja nìyẹn. Àwọn kan ń kó ẹ̀ṣọ́ láti ilé ròde, èmi kó ìmọ̀ ẹja ròde. Mò ń wo fóònù, mò ń bi àwọn tó ń tà á léèrè, mò ń pa díẹ̀, mò ń wo díẹ̀ sàn, títí mo fi ní kíósìkì tèmi. Kíósìkì yìí ló ń dun Zuweira. Ó ní ìsọ̀ kan ní Cow Lane, níbi tó ti ń ta bútà àti ẹní ìkírun, èrò ọkàn rẹ̀ sì ni pé ìyàwó àbúrò òun ló yẹ kó jókòó tì í. Ọkọ mi, Kàmálù, tí mò ń pe orúkọ rẹ̀ tó bá ku àwa méjì, ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Accra lọ sí Tamale, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ló ń wálé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì máa ń mú bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn yẹn: "Ṣe sùúrù."

Ní ọjọ́ Àlàmísì kan, lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo fẹ́ yọ́ jáde, ohùn Zuweira bá dì mí lọ́rùn mú.

"Ìyàwó! Ó di ibo?"

"Kotobabi ni, Ìyá Ilé. Màá ti dé kí wọ́n tó pe Mọ̀gàríbì."

"Kotobabi, Kotobabi. Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ri ìwọ́ rẹ mọ́ ni? Wá wo gíláàsì yìí. Ó ti hu koríko páà! Ṣé láti inú igbó ni kí n ti máa wo Ọ̀gágun mi?"

Àlùfáà Àyìndé jókòó lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ó ń jẹ wàákyé, ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà. Yàrá ìta ló ń gbé, àgbàlá wa ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Kò sí ẹjọ́ kan nínú ilé náà tí kì í ṣe òun ni ẹlẹ́rìí rẹ̀, nítorí ìgbà oúnjẹ ni ẹjọ́ wa máa ń bẹ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Kàmálù ra ẹja tó ń fọ gíláàsì wá," ni Zuweira wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kú."

"Wọn ò kú, Ìyá Ilé. Wọ́n pa wọ́n ni. Èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ méjèèjì ti lọ nígbà tí mo rí i."

"Ta ló pa wọ́n?"

Mo wo Ọ̀gágun. Ọ̀gágun náà wò mí.

"Ó dáa," ni Zuweira wí. "Ìwọ tí o mọ ẹja ju Ẹni tó dá a lọ…"

"Àsìtágífúrúlái," ni Àlùfáà wí, wàákyé lẹ́nu.

"…lọ wá ẹja kan tí àwọn ọkọ rẹ wọ̀nyí ò ní rí pa. Mo fún ọ ní ogójì ọjọ́. Tí ogójì ọjọ́ bá pé tó ṣì wà láàyè, máa lọ sí Kotobabi rẹ lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, mi ò ní bi ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá kú, wàá ti kíósìkì yẹn pa, wàá wá jókòó ti bútà ní Cow Lane títí orí rẹ á fi funfun. Ó yé ọ?"

"Láàyè lẹ wí, Ìyá Ilé?"

"Láàyè ni mo wí."

"Àlùfáà, ẹ gbọ́?"

Àlùfáà gbé ti ẹnu rẹ̀ mì. "Láàyè," ó ní. "Mo gbọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ Jàfárù ni mo gbà lọ. Òun ló ń kó páálí ẹja láti pápákọ̀ òfurufú, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Kotobabi sì ni gbogbo àwa tó ń ta ẹja ti ń mú ọjà. Accra ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ ń tiro, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò tiro.

"Sísítà Wùnmí, kí lo fẹ́?"

"Pẹ́lẹ́kò. Èyí tó lè bá ìkà gbé."

Pẹ́lẹ́kò ni ẹja tí ẹnu rẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n, tó fi ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì bí ẹni ń fẹnu ko ògiri lẹ́nu. Kò ní ìpẹ́. Ara rẹ̀ le bíi páànù. Ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ ewé wẹ́wẹ́ tó ń hù lára gíláàsì, ìyẹn ni àwọn onílé fi ń rà wọ́n. Wọ́n rò pé ẹja ni àwọn ń rà. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n ń wá.

Jàfárù kọ́kọ́ fi ọ̀kan hàn mí tí kò ju ìka ọwọ́ mi lọ. "Eléyìí ni gbogbo ayé ń rà. Ó ń fọ gíláàsì dáadáa páà."

"Ọ̀gágun á gbé e mì."

"Á gbé e mì, ìyẹn á na ẹ̀gún ìyẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀fun, kò ní lọ, kò ní bọ̀. Àwọn méjèèjì á kú. Mo ti rí i rí."

Mo ronú sí ìyẹn díẹ̀. Kí n má parọ́, mo ronú sí i ju díẹ̀ lọ.

Ó fi ìkejì hàn mí, tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé, àmì tótòtó lára rẹ̀ bí ẹkùn, ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nà sókè bí àsíá. "Eléyìí rẹwà, ó ń ṣiṣẹ́, kì í bá ẹnikẹ́ni jà."

"Tí wọ́n bá wá bá a jà ńkọ́?"

"Á kàn dúró ni. Ó máa ń dúró."

"Irú èyí tó ń dúró yẹn ni wọ́n yọ lójú lọ́jọ́sí."

Ìkẹta ń jẹ igi, Jàfárù ní ìgbẹ́ rẹ̀ máa ń bo ilẹ̀ bí ìyẹ̀fun pákó. Mo ní kó máa gbé e lọ. Zuweira tó ń ka ìṣísẹ̀ mi ni yóò wá gba ìgbẹ́ láyè? Ìgbà yẹn ni mo rí ohun kan nínú àpótí tó wà ní kọ̀rọ̀ pátápátá, tó fi ara pamọ́ sínú páìpù omi tó ti fọ́.

"Kí nìyẹn?"

"Ìyẹn?" Jàfárù họ orí. "Ìyẹn kì í ṣe irú èyí tó ò ń wá."

Mo tẹ̀ ba mo wò ó. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ìrù rẹ̀ pọ́n bí ata rodo. Ẹ̀gún ló bò ó láti iwájú orí dé ìdí, ìlà lórí ìlà, bí igi ọrọ́. Ó tó ọwọ́ mi láti ìka dé ọrùn ọwọ́. Kò sá fún mi. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè àlàyé.

"Kò sí ẹni tó ń rí ìyẹn pa," ni Jàfárù wí. "Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Má fi nẹ́ẹ̀tì mú un láé. Gbogbo ẹ̀gún yẹn ló máa kọ́ okùn, sísọ́ọ̀sì ni wàá fi gé e kúrò lára rẹ̀. Má sì fà á nírù. Tí wọ́n bá fà á, ṣe ló máa na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, á há ara rẹ̀ mọ́ inú ihò. Ó yá a kó fà ya ju kó jáde lọ. Tó o bá fẹ́ mú un kúrò níbì kan, ilé rẹ̀ ni kó o gbé, òun á bá a lọ."

"Ó ń fọ gíláàsì?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Fọ kí ni? Edé ló ń jẹ. Ẹran ìgbín. Kì í fọ nǹkan kan."

"Kì í ṣiṣẹ́ rárá?"

"Sísítà, kì í ṣiṣẹ́. Ó kàn ń wà láàyè ni."

"Láàyè," ni mo wí. "Dì í fún mi."

Bí mo ṣe fi í sínú omi nìyí. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, bí ìyàwó ni Kàmálù ṣe mú wọn wọlé: nírọ̀lẹ́, gbogbo ilé pé jọ, wọ́n sì dà wọ́n sí àárín gbùngbùn níwájú àwọn tó ti wà níbẹ̀. Ẹja tó bá ti pẹ́ nínú omi mọ òkúta tirẹ̀, ó mọ igun tirẹ̀. Àlejò tó bá wọlé ti jẹ̀bi kó tó dé. Èmi dúró kí Zuweira lọ sí Cow Lane ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ náà gan-an. Mo kó àwọn ẹja ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú dúrọ́ọ̀mù, mo dérí rẹ̀. Mo tú gbogbo òkúta wọn ká, èyí tó wà lápá ọ̀tún di apá òsì, igi tó dúró di èyí tó dùbúlẹ̀. Mo gbé ìkòkò amọ̀ kékeré kan sí igun, mo kọ ẹnu rẹ̀ sí ògiri, mo sì jẹ́ kí Ẹlẹ́gùn-ún kọ́kọ́ wọlé, kó yan ibi tó wù ú. Ìkòkò náà ló yàn. Lẹ́yìn náà ni mo tó dá Ọ̀gágun padà.

Òun wá di àlejò. Òun wá di ìyàwó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, òkúta rẹ̀ kò sí níbi tó fi í sí. Àwọ̀ rẹ̀ ṣá, ó lọ fara pa mọ́ igun bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú dé ilé-ìwé. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo jókòó sórí àga gbọọrọ Zuweira, mo gbé ẹsẹ̀ lé tìmùtìmù, mo ń wò ó. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo jókòó níbẹ̀ nìyẹn ní ọdún mẹ́rin.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkàn Ọ̀gágun padà sí i lára. Ó ya lu ìkòkò náà, ó ti ẹnu bọ̀ ọ́. Ó yọ ẹnu jáde pẹ̀lú ètè tó bẹ́. Kò tún lọ síbẹ̀ mọ́.

Mo rò pé mo ti bọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹsàn-án, Zuweira fi ìka nu gíláàsì, ó gbé ìka náà sí mi níwájú. Ó ń yọ̀ bí ilá.

"Ẹja rẹ ń sùn."

"Ó ṣì ń mọ ilé ni, Ìyá Ilé."

"Ọ̀sẹ̀ kan sí i. Tí kò bá mọ ilé, kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Ọ̀lẹ kan ti tó nínú ilé yìí."

Ẹ rí i? Tó bá dá a padà ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, ogójì ọjọ́ ò ní pé láé. Báyìí ni mo ṣe mú kànrìnkàn. Tí Zuweira bá kí ìrun Àsùbáà tán, ó máa ń padà sùn títí di aago méje. Láàárín ìgbà yẹn ni mò ń yọ́ wọ pálọ̀, tí mò ń ki apá bọ omi dé èjìká, tí mò ń fọ gíláàsì Zuweira láti inú. Kò sí ẹ̀gún kankan lọ́wọ́ tèmi tó lè ba Ọ̀gágun lẹ́rù. Ojoojúmọ́ ló ń gé mi jẹ. Mo wọ aṣọ alápá gígùn nínú oòrùn Accra, mo sọ fún ẹni tó bá bi mí pé mo ti túbọ̀ di ẹlẹ́sìn.

Gíláàsì mọ́ lóló. Zuweira bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ará àdúgbò wá wò ó. "Ẹ wo ẹja yìí. Ojú rẹ̀ ò dáa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀! Ó ń ṣiṣẹ́ ju ìyàwó ilé lọ." Nírọ̀lẹ́, tó bá ń fún wọn ní edé, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi. Á jẹ́ kí edé kan rì lọ sídìí ìkòkò, á ní, "O ṣeun o. O kú iṣẹ́. Ọlọ́run á fún ọ lókun." Mo jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mò ń fi ìpara sí ọwọ́.

Nígbà tó di ogúnjọ́, mo gbé ojú sókè, mo rí Àlùfáà Àyìndé lójú fèrèsé pálọ̀ pẹ̀lú bútà àlùwàlá lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tó ti dúró níbẹ̀.

"Ìyàwó," ó ní jẹ́jẹ́, "àṣé ìwọ ni ẹja náà."

"Ṣé ẹ máa sọ?"

"Láàyè ni wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́rìí sí. Wọn ò fi mí ṣe ẹlẹ́rìí sí iṣẹ́." Ó yí padà, ó tún dúró. "Ṣùgbọ́n tí ogójì ọjọ́ bá pé, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ta ni yóò fọ̀ ọ́?"

Mo ki kànrìnkàn padà bọ omi.

Ogójì ọjọ́ pé. Kí n sọ tẹnu mi: Zuweira kì í yẹ àdéhùn. Ó pe Àlùfáà, ó ní, "Ẹja wà láàyè. Kó máa lọ Kotobabi rẹ̀." Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo jáde láàárọ̀ láìsí "Ó di ibo?" Ṣùgbọ́n kí n tó jáde, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mo ti ki apá bọ omi. Ní ọjọ́ kejì náà, mo tún ki apá bọ̀ ọ́. Àfi bí ẹni pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún mi, ṣùgbọ́n wọ́n kan ọwọ́ mi mọ́ ilẹ̀kùn náà níṣòó. Tí mo bá dáwọ́ dúró, gbogbo irọ́ náà á tú. Tí mi ò bá dáwọ́ dúró, títí ikú ni. Mo pe Kàmálù lórí fóònù, mo rò fún un.

"Ṣe sùúrù," ó ní.

"Kàmálù, sùúrù wo? Tí wọ́n bá ń ta sùúrù, ọkọ̀ rẹ yẹn kì bá tún gbé ẹrù mìíràn."

Ọwọ́ ló yọ mí. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógójì, ibi tí Ọ̀gágun gé jẹ wú, ó pọ́n, ó ń sọ kúlúkúlú. Nọ́ọ̀sì dì í ní báńdéèjì, ó ní omi ò gbọ́dọ̀ kàn án fún ọjọ́ mẹ́wàá. Mo sọ fún ará ilé pé ilẹ̀kùn kíósìkì ló há a. Lọ́jọ́ kẹta, gíláàsì ti ń yọ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ti hu koríko. Ọ̀rọ̀ ẹja náà ká Zuweira lára. "Ara rẹ̀ ò yá," ó ń wí. "Ẹja tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ! Nǹkan ń ṣe é."

Lọ́jọ́ kẹfà, ọwọ́ dùn mí débi pé mo padà sílé lọ́sàn-án. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí Zuweira lórí àpótí ìtìsẹ̀, apá aṣọ rẹ̀ ká sókè, nẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ kan. Ó ti ki nẹ́ẹ̀tì bọ ẹnu ìkòkò, ó ti kọ́ Ẹlẹ́gùn-ún lára, okùn ti wé mọ́ ẹ̀gún. Ọwọ́ kejì di ìrù pupa náà mú, ó ń fà á bí ẹni ń fa iṣu lẹ́bẹ̀. "Jáde," ó ń wí. "Jáde kí n tọ́jú rẹ. Jáde, ọmọ dáadáa." Ẹja náà ti na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ti há. Mo rí okùn ẹ̀jẹ̀ kan tó tín-ín-rín nínú omi.

Ẹnu mi yá ju orí mi lọ.

"Zuweira! Fi í sílẹ̀!"

Àwọn ọmọ kéwú tó ń ké ní àgbàlá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pa rédíò. Zuweira fi ìrù náà sílẹ̀. Ó yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀, omi ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Kí lo pè mí?"

"Orúkọ yín. Ẹ fẹ́ pa á. Ara rẹ̀ le koko. Kì í ṣe òun ló ń fọ gíláàsì, kò fọ̀ ọ́ rí, edé ló ń jẹ. Èmi ni." Mo tú báńdéèjì, mo na ọwọ́ sí i. Gbogbo àpá eyín náà wà níbẹ̀ bí tírà. "Ojoojúmọ́, lẹ́yìn Àsùbáà. Èmi ni."

Ó wo ọwọ́ mi. Ó wo ìkòkò. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí àga gbọọrọ, kò gbé ẹsẹ̀ lé nǹkan kan.

"Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀," ó ní. "Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Mò ń gbọ́, Ìyá Ilé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà. Ọpẹ́ yẹn nìkan ni mo ti gbọ́ nínú ilé yìí láti ọdún mẹ́rin, ẹja lẹ sì ń kí."

Fún ìṣẹ́jú kan, mo rò pé yóò sọ ohun mìíràn. Ètè rẹ̀ ṣí. Ṣùgbọ́n Àlùfáà àti àwọn ọmọ kéwú ti kún ẹnu ọ̀nà, orúkọ rẹ̀ sì ṣì wà nínú pálọ̀ náà láàárín wa bí òórùn ohun tó jóná. Ó tún ara rẹ̀ gbé.

"Àlùfáà, láàyè ni mo wí, ó sì wà láàyè. Mi ò gba Kotobabi lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yìí pe orúkọ mi nínú ilé bàbá mi. Ìyẹn ò sí nínú àdéhùn." Ó yíjú sí mi. "Gbé ẹja rẹ jáde nínú omi ọkọ mi. Tó o bá fẹ́ sùn níbí lálẹ́ òní, wàá kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ilé kí wọ́n tó pe Mọ̀gàríbì. Láti ọ̀la lọ, wàá máa fọ gíláàsì yìí ní gbangba, ní ojú gbogbo ayé, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n."

Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé nẹ́ẹ̀tì náà, okùn kan lẹ́yìn èkejì. Ọ̀gágun wá, ó tún gé mi jẹ lójú ọgbẹ́ náà, ó dágbére fún mi. Mi ò fi ọwọ́ kan ẹja náà. Ìkòkò ni mo gbé, òun wà nínú rẹ̀. Mo gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo gba àárín pálọ̀ kọjá, mo bọ́ síta.

Nínú tùrótùrò, ọkọ̀ akérò wọn, mẹ́ètì tó ń gbowó ọkọ̀ yọjú wo bọ́kẹ́ẹ̀tì mi, ó bi mí ní èdè Twi pé kí ló wà nínú ìkòkò yẹn.

"Ìyàwó ilé," ni mo wí.

"Ó ti jinná?"

"Kò lè jinná."

Ní Kotobabi, mo gbé ìkòkò náà sínú àpótí gíláàsì tó tóbi jù nínú kíósìkì mi. Kò sí ẹja mìíràn níbẹ̀. Kò sí Ọ̀gágun, kò sí ọ́síkà, omi mọ́ dé ìsàlẹ̀. Mo kọ ẹnu ìkòkò náà síta kó lè rí i pé àyè wà. Mo jókòó sórí ìdérí dúrọ́ọ̀mù, mò ń dúró kó jáde. Oòrùn kúrò lójú pátákó orúkọ mi, ó bọ́ sórí gọ́tà. Obìnrin tó ń ta kẹ́ńkè lódìkejì kó agbòòrùn rẹ̀. Kò jáde.

Fóònù dún. Kàmálù ni. Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀ tó ń kùn.

"Wùnmí, òótọ́ ni pé o pe ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ?"

"Òótọ́ ni."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

"Alhamdulillah, ó ṣì mọ níba. Tètè lọ kúnlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kúnlẹ̀ lásán ni, ẹsẹ̀ rẹ ò ní ya. Ní ti gíláàsì yẹn, jọ̀ọ́, máa bá wọn fọ̀ ọ́, ó ṣáà ti mọ́ ẹ lára. Ṣe…"

"Má parí ẹ̀, Kàmálù. Tó o bá parí ẹ̀, màá pe ìwọ náà ní orúkọ tí mi ò pè ẹ́ rí."

Kò parí ẹ̀.

"Gbọ́ mi," ni mo wí. "Ẹ ti ń fà mí nírù láti ọdún mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń fà, ìwọ náà ń fi sùúrù fà. Mo ti há. Ẹni tó bá tún fà mí, á fà mí ya ni. Tó o bá fẹ́ gbé mi kúrò níbí, ilé ni kó o gbé wá. Yàrá kan. Ilẹ̀kùn kan tí kò gba iwájú ẹnikẹ́ni kọjá. Màá wà nínú rẹ̀, wàá rí mi."

Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀. Mò ń gbọ́ ọkọ̀ mìíràn tó yà á sílẹ̀ pẹ̀lú fèrè.

"Irú yàrá bẹ́ẹ̀, níbo ló wà ní Accra?" ó ní.

"Èmi kọ́ ni mò ń wa ọkọ̀," ni mo dáhùn, mo sì pa fóònù.

Wọ́n pe Mọ̀gàríbì láti mọ́sálásí tó wà lẹ́yìn gọ́tà, òmíràn dá a lóhùn láti ọ̀nà jíjìn. Mo fa ilẹ̀kùn kíósìkì mọ́ra láti inú, mo fi ìkọ́ há a. Tí mo bá na apá mi méjèèjì, pákó ni ọwọ́ ọ̀tún ń kàn, pákó ni ọwọ́ òsì ń kàn. Mo mú edé kan, mo jù ú sí ẹnu ìkòkò.

Imú dúdú kan yọ. Ó gba edé náà. Ó tún fà á wọlé.